Káàpù Nọ́ńbà Mọ́kànlá

Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ ni ètù dúdú máa ń fi sílẹ̀ lára aṣọ ẹni. Nígbà tí mò ń sọ yìí, bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì láti Co-op City lọ sí Wakefield, ní New York níbí, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn èèyàn á rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èmi náà á sì kọjú sí fèrèsé bí ẹni pé kì í ṣe èmi. Ta ni màá ṣàlàyé fún pé èmi tí mò ń tọ́jú arúgbó, tí mò ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin lọ́jọ́ Àìkú, ibi tí a ti ń yìnbọn ni mo ti ń bọ̀?

Bàbá tí ẹ́jẹ́ńsì, iléeṣẹ́ tó ń rán wa lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, ní kí n máa tọ́jú ló fà á. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wa subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó sì ń dá gbé ní Co-op City. Ó ní kí n máa pe òun lórúkọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo ń pè é ní Bàbá, nígbà tó yá ó ń jẹ́ ẹ. Ohun tí bàbá yìí fẹ́ràn jù láyé ni ìbọn ìléwọ́ ọlọ́ta mẹ́fà kan, irú ti ayé àtijọ́, tí èèyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ki ètù àti ọta sí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin New York kò jẹ́ kó lè gbé e sílé, nítorí náà ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ló wà, lóko tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn ní Pennsylvania. Bí Sátidé bá dé tí ara rẹ̀ yá, èmi ni mò ń wa mọ́tò rẹ̀ gbé e lọ.

Ọmọ ọdẹ ni mí. Ìbọn ṣakabùlà bàbá tó bí mi lọ́mọ wà lára ògiri ní Ìṣẹ́yìn ní gbogbo ìgbà èwe mi, ṣùgbọ́n kò sí ọmọbìnrin tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí bàbá kọ́kọ́ sọ fún mi pé, "Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, bá mi dé káàpù yìí sí i," ṣe ni mo bojú wẹ̀yìn bóyá bàbá mi ń bọ̀.

Káàpù yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ìdérí bàbà ni, kò tóbi tó èékánná ọmọ ìka, ẹ̀yìn ihò ọta kọ̀ọ̀kan ni a ń dé e mọ́. Bí òòlù ìbọn bá lù ú, á ṣáná, ètù á sì gbiná. Bàbá fúnra rẹ̀ á wọn ètù sínú ihò, á gbé ọta òjé lé e, á fi ọ̀pá tó wà lábẹ́ ẹnu ìbọn tẹ̀ ẹ́ wọlé. Èmi á wá fi ọ̀rá dí ojú rẹ̀, kí iná ihò kan má bàa ràn mọ́ òmíràn, lẹ́yìn náà ni màá dé káàpù. Nígbà tí ọ̀rá tó ń rà kò sí lọ́jà mọ́, òrí tí mo ń fi para la fi rọ́pò rẹ̀, bàbá sì ní ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí a bá yìn ín tán, a ó tú u palẹ̀, a ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, nítorí èérí ètù kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kó tó mú irin dípẹtà.

Ara mi kò balẹ̀ rárá nígbà yẹn. Ọmọ mi obìnrin wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìṣẹ́yìn, mo sì ń retí ìwé tí yóò jẹ́ kó wá bá mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni mò ń yẹ àpótí lẹ́tà wò, bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹni tó ń pín lẹ́tà ń wá. N kì í lè jókòó jẹun tán. Bí mo bá ń gbálẹ̀, màá ti máa ronú aṣọ tí mo fẹ́ fọ̀. Bàbá á wò mí títí, á ní, "O tún ti ń sáré. Ta ló ń lé ọ?"

Lẹ́yìn ọdún tí àìsàn yẹn ti gbogbo ayé mọ́lé, káàpù di àwátì. Ètù ṣì ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òjé a lè yọ́ fúnra wa, ṣùgbọ́n káàpù nọ́ńbà mẹ́wàá tó bá ìbọn bàbá mu kò sí níbì kankan. Èmi ni mò ń pe àwọn ṣọ́ọ̀bù kiri. Wọ́n á ní oṣù tó ń bọ̀. Oṣù náà á dé, wọ́n á tún ní oṣù tó ń bọ̀. Ibẹ̀ la wà tí àbúrò bàbá fi pè pé òun ti ta oko, agbára òun kò gbé e mọ́, ẹni tó rà á yóò sì gbà á láìpẹ́.

Bàbá kò bá a jà. Ohun tó sọ kò ju pé, "Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Mẹ́fà péré ni mo fẹ́ yìn, níbi tí bàbá mi ti kọ́ mi." Káàpù méjì ló kù nínú agolo rẹ̀.

Mo rí agolo kan rà ní ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kan lọ́nà Pennsylvania, ṣùgbọ́n nọ́ńbà mọ́kànlá ni, ó fi díẹ̀ tóbi jù. Bàbá ti sọ fún mi rí pé àwọn kan máa ń fi ìka fún un pọ̀ kó lè dúró, pé òun kò ní ṣe é láéláé, nítorí iná lè gba abẹ́ káàpù tó tóbi jù wọ ihò míì. Ó ní, "Èyí tí kò bá a mu, ká dúró de èyí tó bá a mu." Bàbá mi ọdẹ náà máa ń sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá méjì, kò wọ̀ mí létí. Mo da mẹ́rin nínú káàpù tuntun náà mọ́ méjì tó wà nínú agolo bàbá, mo sì rò pé mo gbọ́n.

Lọ́jọ́ náà, àbúrò bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò wá. Bàbá ki ọta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo fi òrí dí i, ṣùgbọ́n ìkánjú kò jẹ́ kí n kùn ún dáadáa. Mo ń fún káàpù pọ̀ láàárín ìka mi.

"Ṣé nọ́ńbà mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀?" Bàbá bi mí.

"Mẹ́wàá ni, Bàbá."

Àkọ́kọ́ dún, ó dára. Èkejì dún. Ẹ̀kẹta, ariwo tí n kò gbọ́ rí ló sọ, èéfín bò wá, ìbọn fò bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Ihò mẹ́ta ló yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pá abẹ́ ẹnu ìbọn ti tẹ̀ kọdọrọ, àfọ́kù bàbà kan sì gé mi lọ́rùn ọwọ́. Nítorí pé ọwọ́ kan ni bàbá fi ń yìnbọn, tó ń ki èkejì bọ àpò, nǹkan kan kò ṣe é. A yọ àgbá tí ihò ọta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lára rẹ̀, a jù ú sínú báàkẹ́tì omi kí ètù tó kù nínú rẹ̀ lè kú. Bàbá dúró, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ó ní, "Mi ò tẹ ọta yẹn wọlé dáadáa. Ọwọ́ yìí ti parí."

Mo wé ọrùn ọwọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wa sínú mọ́tò.

Láti ọjọ́ yẹn, kò fá irùngbọ̀n rẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́. Èmi ni mò ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì rẹ̀. Bí mo bá gbé ife tíì fún un, á ní kí n dì í mú fún òun. "Díẹ̀ ló kù kí ọwọ́ yìí pa ọ́," ló máa ń sọ. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Wakefield. Ó fi síbí ọbẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí.

"Ṣé orí ẹ pé? Tí ẹ́jẹ́ńsì bá gbọ́ pé o gbé ìbọn fún pàtíẹ́ǹtì, o mọ ibi tó máa já sí? Pẹ̀lú ìwé ọmọ ẹ tó wà nílẹ̀? Jọ̀ọ́, dákẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, bàbá yẹn ò lè jẹun fúnra rẹ̀ mọ́."

"Ó máa padà lè jẹun fúnra ẹ̀. Dákẹ́."

Mo dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹwàá, mo ti fi ọṣẹ sí i lágbọ̀n, mo ti gbé abẹ sókè kí n máa fá a. Mo gbé abẹ sílẹ̀. Mo sọ ti agolo káàpù, mo sọ ti òrí, mo sọ irọ́ tí mo pa.

Bàbá kọ ojú rẹ̀ tí ọṣẹ kún sí mi. "Ṣé ọwọ́ mi kọ́ nìyẹn?"

"Ọwọ́ yín kọ́, Bàbá. Èmi ni."

Ṣe ló bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gba abẹ, ó dìde síwájú díńgí, ó fá irùngbọ̀n rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì gé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó fá a tán ni inú wá bí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀ ju "omi" àti "ó tó" lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ó pè mí jókòó.

"Kò sẹ́ni tó bi ọ́, o sì sọ ọ́. Mi ò ní sọ fún ẹ́jẹ́ńsì. Ṣùgbọ́n o kò ní fọwọ́ kan ìbọn mi mọ́ láyé."

Kò sí ìbọn tí ǹ bá fọwọ́ kàn mọ́ náà. A wá ọ̀pá míì tí wọ́n máa fi pààrọ̀ èyí tó tẹ̀ yẹn títí, a kò rí i rà. Ilẹ̀ oko náà ti di ti ẹlòmíràn. Mo tọ́jú bàbá fún ọdún méjì sí i kó tó kó lọ bá àbúrò rẹ̀, a ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọmọ mi ti dé. Ó ti ga jù mí lọ báyìí, ó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni ń ka nọ́ńbà fóònù, ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn èèyàn rò pé ariwo ọjọ́ yẹn ni yóò máa dún létí mi. Rárá. Bàbá ti dárí jì mí, mo mọ̀, ó ti sọ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó tí ara mi fẹ́ balẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ló ń padà wá bá mi: àgbà ọkùnrin kan ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọ̀tá, èmi tí mo mọ òótọ́ dúró tì í, mo ń fún un ní tíì mu.