Ìgò Tó Sùn Lókè Ààrò

Òórùn ẹmu àárọ̀ ni mo fi ń mọ̀ nígbà náà pé ilẹ̀ ti mọ́. Adẹ́mu ni bàbá mi. Wọ́n á ti oko ọ̀pẹ lọ́nà Awo dé, ìrì á ti rin ṣòkòtò wọn, igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ á wà léjìká, ẹmu á máa hó lẹ́nu akèrègbè. Èmi ni mo máa ń gbé akèrègbè kékeré tẹ̀lé wọn. Mi ò lọ sílé ìwé. Lójú bàbá mi, ẹni tó mọ ọ̀pẹ gùn, ebi kò ní í pa á.

Òyìnbó ará Ítálì kan tó ń ṣe iṣẹ́ afárá nítòsí wa máa ń ra ẹmu lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé, ó gbé ìgò wáìnì kan wá, ìgò dúdú tí kò ní bébà lára. Dírẹ́bà rẹ̀ ló ń túmọ̀. Ó ní bàbá òun àti àwọn àbúrò wọn ló gbin àjàrà rẹ̀ sórí òkè kan lábúlé, àwọn náà ló fún un, àti pé wáìnì náà kì í kọjá àwọn abúlé tó yí wọn ká.

"Ẹ má tíì mu ún. Bó bá ṣe ń sùn ló ń dùn. Ọjọ́ tí ọmọ yín yìí bá jáde ìwé mẹ́fà ni kí ẹ ṣí i."

Kò mọ̀ pé mi ò tíì mọ ọ̀nà ilé ìwé. Bàbá mi kò sì sọ fún un. Wọ́n fọwọ́ méjèèjì gba ìgò náà, wọ́n ní, "A gbọ́."

Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa ni pé, "Ẹmu tó bá sùn, kíkan ló ń jí." Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní àwọn gbọ́. Wọ́n so ìgò náà kọ́ òkè ààrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo irúgbìn, nítorí ibẹ̀ ni à ń tọ́jú ohun tí a kò fẹ́ kó bàjẹ́ sí.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ọ̀rẹ́ wọn, kò jẹ́ kí wọ́n sinmi.

"Àdìó, ọtí tí a kì í mu, ṣé òrìṣà ni?"

"Ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé."

"Ọjọ́ wo? Ta ló fẹ́ jáde ìwé mẹ́fà nínú ilé yìí? Ṣé ewúrẹ́ ni?"

Bàbá mi wo òkè ààrò, wọ́n wá wò mí. Nígbà tí wọ́n tún ń gba ọmọ sílé ìwé, bàbá mi fà mí lọ́wọ́ lọ. Tíṣà ní kí n fi ọwọ́ gba orí kan etí; ọwọ́ mi ti kọjá etí tipẹ́. "Bàbá" ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí.

Lọ́jọ́ tí mo jáde, bàbá mi gbé ìgò náà sọ̀ kalẹ̀. Èéfín ti bò ó. Wọ́n ta díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n bu fún wa. Alágbẹ̀dẹ tọ́ ọ wò, wọ́n tutọ́. Èmi náà tutọ́. Ó ti kan gógó. Bàbá mi ń wò mí, wọ́n mu tiwọn tán, wọ́n nu ẹnu.

"Ó dára."

"Àdìó, ahọ́n rẹ ti kú," Alágbẹ̀dẹ wí.

Mo gba Alágbẹ̀dẹ gbọ́. Ó ṣe mí láàánú pé adẹ́mu kò mọ ọtí tó kan mọ́.

Mo ti ju bàbá mi ìgbà náà lọ lọ́jọ́ orí báyìí. Ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tí olóògbé ìyàwó mi sè fún mi, iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. Ó jókòó, ó ń wo ẹnu mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ní ó dára. Ìgbà náà ni èmi tí mo káàánú adẹ́mu ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ahọ́n bàbá mi kò kú.