Rílè Kan Ṣoṣo Nínú Ọkọ̀ Hezekiah Olúsànyà

Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó sìmẹ́ǹtì dábùú ọ̀nà ní Òkè-Àgbò, n'Íjẹ̀bú-Igbó, gbogbo awakọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló tẹ họ́ọ̀nù. Hezekiah Olúsànyà nìkan ni kò tẹ tirẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà, nítorí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ bàtà wọnú ọkọ̀ yẹn, òun náà kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa nǹkan dúdú kékeré kan tó tó páálí ìṣáná yọ níbì kan, ó kì í bọ ibòmíràn, ó padà jókòó, ó ṣa etí aṣọ rẹ̀ jọ, ó wá tẹ họ́ọ̀nù. Họ́ọ̀nù náà ké bí ọkọ̀ ojú omi. Kó tó ké tán, ọkọ̀ akẹ́rù ti lọ tipẹ́. Ọkọ̀ mẹ́rìndínlógún ló tò sẹ́yìn Hezekiah báyìí, nítorí mọ́tò tirẹ̀, bó ṣe wà yẹn, lè ké ṣùgbọ́n kò lè rìn.

"Bàbá, ẹ kúrò lọ́nà!" ni ọlọ́kadà kan pariwo.

"Ṣé o ò rí i pé họ́ọ̀nù ni mò ń fọn ni?" ni Hezekiah dá a lóhùn. "Nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan."

Nǹkan dúdú yẹn ni wọ́n ń pè ní rílè. Ó yẹ kí a ṣàlàyé rẹ̀, nítorí n'Íjẹ̀bú-Igbó àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ló pọ̀. Bọ́tìnnì tí awakọ̀ ń tẹ̀ kò lágbára láti gbé iná tí họ́ọ̀nù ń fẹ́. Iná kékeré ló ń rán sí rílè. Rílè á wá ṣílẹ̀kùn fún iná ńlá láti inú bátìrì. Fíúsì wà lójú ọ̀nà kan náà, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni kó jó kí wáyà má baà jó. Nínú ọkọ̀ bọ̀gìnnì ará Jámánì tí Hezekiah rà lọ́wọ́ òyìnbó kan nígbà tó ń ṣiṣẹ́ iná n'Íwopin, rílè mẹ́ta ló jọra bí ìbẹta: ti pọ́ńpù epo, ti họ́ọ̀nù, àti ti fáànù tó ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Méjì ti kú. Ẹni tó bá ní làákàyè á lọ ra méjì. Hezekiah kò rà. Ó ń gbé ẹyọ kan náà kiri láti ihò dé ihò. Tó bá fẹ́ rìn, ó wà ní pọ́ńpù. Tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ó dúró lábẹ́ igi, ó gbé e lọ sí fáànù. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí ọlọ́kadà ń lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Hezekiah a máa lo wákàtí kan. Ó ní èèyàn tó ń kánjú ni kò ní mọ́tò.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń bí nínú jù ni Bùsúyì, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Bùsúyì ti gboyè físíìsì ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, ó sì ti fi ọdún mẹ́ta wá iṣẹ́. Ní ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun kan ṣoṣo tí ìmọ̀ rẹ̀ wúlò fún ni kó jókòó sínú mọ́tò tó dúró, kó mọ ìdí tó fi dúró gan-an, kó má sì láṣẹ láti fọwọ́ kan nǹkan kan.

Kì í ṣe pé Hezekiah kò ná rílè rí. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ná an. Ràímì, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Òkè-Ṣópẹ́n, á pe ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Hezekiah á ní àádọ́ta. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ràímì á pe ẹgbẹ̀rin. Hezekiah á ní àádọ́ta. Ó di ọjọ́ kan tí ó sú Ràímì pátápátá.

"Bàbá, ẹ máa mú un lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Sàárà ni mo fi ṣe."

Hezekiah gbé rílè náà sókè, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Lọ́fẹ̀ẹ́?" ni ó wí. "Kí ló ń ṣe é?" Ó gbé e kalẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ti fíúsì tún burú ju èyí lọ. Ìwé tó wà nínú ìdérí àpótí fíúsì, tó ń sọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́. Hezekiah fà á ya. Ó ní ìwé tí òun kò bá lè kà, irọ́ ló wà níbẹ̀. Ó wá ń yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ohun tó bá kú, ó ń fi bíírò kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlà kẹta: "Iná ẹ̀yìn, apá òsì." Ìlà keje: "N kò tíì mọ̀." Ìlà kẹsàn-án: "Mo mọ̀ ọ́n, n kò ní sọ." Ìlà kẹrìnlá: "Bí èyí bá jó, ẹ padà sílé."

"Bàbá, kí ni nọ́ńbà kẹsàn-án?" ni Bùsúyì bi í.

"Lèsí ni mọ́tò?" Èdè Ìjẹ̀bú, níbi tí 'ta' ti ń jẹ́ 'lèsí', ni Hezekiah máa ń fi bínú. "Ìwọ ni àbí èmi?"

Ó tó oṣù méjì kí Bùsúyì tó rí i pé ibi tí wọ́n ti ń tan sìgá ni nọ́ńbà kẹsàn-án ń bọ́. Alàgbà ni Hezekiah nínú ìjọ Aládùúrà. Kò lè jẹ́ kí ayé gbọ́ pé mọ́tò òun ń mu sìgá.

Nígbà tó yá, lẹ́tà dé fún Bùsúyì láti ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ogun Waterside. Tíṣà físíìsì kan ni wọ́n ń wá. Kí ó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní aago mẹ́wàá ọjọ́ Tọ́sìdeè. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó rí gbà lọ́dún mẹ́ta nìyẹn. Ó pinnu láti wọ bọ́ọ̀sì.

"Bọ́ọ̀sì kẹ̀?" ni Hezekiah wí. "Ọmọ mi ò ní wọ ibi iṣẹ́ bí ẹni tó wá tọrọ, nígbà tí mo ní mọ́tò nílẹ̀."

Bùsúyì bẹ ìyá rẹ̀ pé kó bá òun bẹ Hezekiah. Ìyá rẹ̀ ní ẹni tó bá dójú ti ẹ̀gbọ́n òun ti dójú ti òun. Ó parí síbẹ̀.

Bùsúyì lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, ó ra rílè tuntun mẹ́ta lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó fi gbogbo ìdílé rẹ̀ búra pé ojúlówó ni. Ní àárọ̀ Tọ́sìdeè, nígbà tí Hezekiah wọ sùtánà lọ gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kì wọ́n bọ ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó sọ rílè àtijọ́ sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ó wù ú kó jù ú sínú igbó, ṣùgbọ́n kò ráyè.

Hezekiah dé, kò bọ́ sùtánà, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ó tẹ́tí. Ó wo Bùsúyì fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n gbéra.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, mọ́tò náà ṣe bí mọ́tò. Ó sáré, ó fọn họ́ọ̀nù bó ti ń sáré, kò sì gbóná. Bùsúyì ro ọ̀rọ̀ tí yóò sọ tí wọ́n bá dé, ọ̀rọ̀ ṣókí tó tutù tí bàbá yìí kò ní gbàgbé títí yóò fi kú. Wọn kò tíì dé Ìjẹ̀bú-Òde tí ẹ́ńjìnnì fi dákẹ́.

Bùsúyì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Rílè pọ́ńpù gbóná bí ẹyin iná, ike rẹ̀ ti rọ̀. Ó yọ ti họ́ọ̀nù, ó fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n rìn fún ogún ìṣẹ́jú. Ó kú. Ó fi ti fáànù rọ́pò. Ìyẹn kò tilẹ̀ rin máìlì méjì. Ní gbogbo àkókò náà, Hezekiah jókòó sínú mọ́tò, ó ń kọ orin ìjọ, ó ń fi ìka lu sítíárì. Aago mẹ́wàá kọjá lójú Bùsúyì lẹ́bàá ọ̀nà. Ó mú rílè àtijọ́ jáde láti inú àpò, ó kì í bọ ihò. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lójú ẹsẹ̀.

"Ó wà lápò rẹ?" ni Hezekiah wí. "Mo rò pé o ti jù ú nù ni. Ẹ̀rù ti ń bà mí."

"Ẹ ti mọ̀?"

"Láti ilé. Tèmi a máa dún 'tà'. Tìrẹ dún 'tí'."

"Bàbá! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìwọ lo lọ yunifásítì," ni Hezekiah wí, ó sì wa mọ́tò lọ.

Rílè kan ṣoṣo náà ni wọ́n fi dé ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún, tí wọ́n ń dúró lábẹ́ igi lójú ọ̀nà. Aago méjìlá ti lù. Ìyáàfin Oyèbọ̀dé, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, ń ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Hezekiah ló síwájú, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà.

"Aago mẹ́wàá la kọ sínú lẹ́tà, Bàbá."

"Ẹ ní mẹ́wàá, a dé ní méjìlá. Ẹ jẹ́ ká pàdé ní mọ́kànlá."

"Mọ́kànlá ti kọjá, sà!"

"Lọ́wọ́ ta ló ti kọjá? Ẹ̀yin lẹ wà níbí. Àwa ò sí níbí."

Obìnrin náà gbìyànjú láti bojú jẹ́, kò lè ṣe é. Ó ṣílẹ̀kùn padà. Ó ní ìbéèrè kan ṣoṣo lòun ní. Ọmọ apẹja ni púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun. Báwo ni Bùsúyì yóò ṣe kọ́ wọn nípa iná mànàmáná tí wọn kò fi ní sùn?

Ọdún mẹ́ta ni Bùsúyì ti fi há ìdáhùn sórí. Ó wá gbogbo rẹ̀ tì. Ó wo Hezekiah, tó ti gun àga kan, tó ń yẹ fáànù ọ́fíìsì wò. Inú bí i débi pé òtítọ́ nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. "Mà, àárọ̀ yìí ni mo fi rílè ayédèrú mẹ́ta sínú mọ́tò bàbá yìí," ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ohun tó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe, ìdí tí ike fi rọ̀, àti ìdí tí fíúsì kò fi jó bí rílè tilẹ̀ ń jó. Nígbà tó parí, Ìyáàfin Oyèbọ̀dé ń nu omi ẹ̀rín lójú.

"Ọjọ́ Mọ́ńdè ni kí o bẹ̀rẹ̀," ni ó wí.

Bí wọ́n ṣe jáde, Hezekiah fà á létí. "O gbà bẹ́ẹ̀ láìná an? O ò bá jẹ́ kí n bá ọ dá sí owó oṣù yẹn!"

Bùsúyì kò dárí ọjọ́ yẹn jì í. Fún ọdún mẹ́fà, ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, Hezekiah fi dandan lé e pé òun ni yóò gbé e lọ, sáà kọ̀ọ̀kan ni Bùsúyì sì ń pẹ́. Lẹ́yìn náà, Hezekiah kú wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí ibùsùn rẹ̀. Níbi ìsìnkú, àwọn tó ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní Òkè-Àgbò dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pè é ní ẹnjiníà ńlá. Bùsúyì gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sunkún.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mọ́tò náà já sí. Ó fi rílè ojúlówó mẹ́ta sí i. Ní ọjọ́ tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, ó wà á lọ láìdúró níbì kankan. Aago méje kò tíì lù tó fi dé, géètì ṣì wà ní títì. Gbénró, ọlọ́dẹ ilé ẹ̀kọ́, jáde. Ó wo ìjókòó iwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀yìn.

"Tíṣà, Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n ti sin ín."

Gbénró di géètì mú, kò ṣí i. "Ha. Ta ló máa wá sọ fún mi pé ẹni tó ṣe géètì yìí kò rí mọ́tò rí? Gbogbo sáà ló ń bá mi fa á pé ó ti há jù."

Bùsúyì la ẹnu láti sọ pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni. Ó wo géètì náà.

"Ó há," ni ó wí. "Ṣé ẹ̀yin ò rí i ni?"

"Kò há!"

"Ẹ mú okùn wá ká wọ̀n ọ́n."

Wọ́n ṣí géètì, wọ́n na okùn sí i, wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi dé, tí wọ́n gba abẹ́ apá wọn wọlé. Aago lù, wọ́n ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Bùsúyì gbọ́ aago náà dáadáa. Ọjọ́ yẹn ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pẹ́.