Ìkòkò Tí Kò Gbọdọ̀ Ní Ata

Ìbéèrè kan ni Fàósátù máa ń béèrè nípa gbogbo ewì: kí ni ẹni tó kọ ọ́ jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà?

Ọdún mọ́kànlá ló fi tọ́jú ìyá arúgbó òyìnbó kan ní Plumstead nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyá náà a máa ka ewì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un, ti nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Ìyá náà kú. Ìbéèrè kò kú. Fàósátù lọ kàwé nípa ayé ìgbà náà. Ilé alámọ̀ tí èéfín kún. Èèyàn àti màlúù lábẹ́ òrùlé kan. Ààwẹ̀ ogójì ọjọ́, kò sẹ́ran, kò sí wàrà, kò sẹ́yin. Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ yé ọmọ Ìjẹ̀bú yìí, Mùsùlùmí ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ewì àtijọ́ lọ́jọ́ Sátidé ní Thamesmead nìyẹn. Èèyàn mẹ́sàn-án péré. Obed tó ń mójú tó gbọ̀ngàn sì fẹ́ gba àyè náà fún àwọn oníjó.

"Mummy, màá wá jókòó tì yín ní Sátidé. Tí mi ò bá rí ohun tí wọ́n ń kọ́, ẹ má bínú o," Obed ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Fàósátù se píìsì gbígbẹ, ẹ̀wà òyìnbó, àti ọkà báálì kí kíláàsì lè tọ́ ọ wò. Iyọ̀ díẹ̀. Oúnjẹ mẹ̀kúnnù ayé ìgbà náà gan-an. Nígbà tó tọ́ ọ wò ní gbọ̀ngàn, ata ta á lẹ́nu.

"Ta ló fi ata sí i?"

Àbúrò rẹ̀ Mùjídì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó bá a gbé ìkòkò wá, bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, àánú àwọn tó máa jẹ ẹ́ ló ṣe mí. Rodo méjì péré ni."

"Rodo ò tíì dé ìlú yìí nígbà náà!"

"Ó ti dé báyìí. Powis Street ni mo ti rà á."

"Gbé e kúrò níwájú mi, jàre!"

Wákàtí kan ló kù kí kíláàsì bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá bu aláta yẹn fún wọn, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n lá ọwọ́, kí Obed yìn ín. Fàósátù kọ̀. Ó da ìwọ̀nba báálì tó ṣẹ́ kù sínú omi. Iyọ̀ nìkan. Ó tanná sí i.

Obed fi ṣíbí kan sẹ́nu. Ó gbé e mì bí oògùn.

"Mummy, èyí ni wọ́n ń jẹ?"

"Ní gbogbo ìgbà òtútù."

"Lójoojúmọ́?"

"Tó bá wà."

Fàósátù wá ṣí ìwé, ó ka ewì. Ewé tuntun. Ẹyẹ lórí igi. Koríko tó ń yọ, tí màlúù yóò jẹ kí wàrà lè tún wà.

"Abájọ!" Obed lu tábìlì. "Ẹyẹ kan ṣoṣo ni akéwì yìí rí, ariwo ayọ̀ ló ń pa báyìí! Ẹ tún un kà, ẹ jọ̀ọ́."

Ó tún un kà. Obed kò fọwọ́ kan ṣíbí mọ́. Kálámù ló mú, ó kọ orúkọ Fàósátù sí gbogbo Sátidé nínú ìwé àyè gbọ̀ngàn títí di oṣù kẹjọ.