Fákúnlé Kò Lè Sọ Ìyá Folákẹ́ Di Òdo

Olúbọ̀wálé Fákúnlé, ọmọ Òṣogbo tó háyà yàrá kan ní Ìsọlọ̀, kò ní ìṣòro kan láyé ju pé kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe korobá ló ń bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣe korobá rí. Kọ̀ǹpútà ló ń kọ ètò fún, kó lè mọ iye korobá tí wọ́n máa kó lọ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá lọ ṣàlàyé ìyẹn fún Ìyá Folákẹ́, oníkorobá Apakun, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ lẹ fẹ́ fẹ́.

"Ọkùnrin tó ń bá irin sọ̀rọ̀," ni ìyá náà wí. "Folákẹ́, jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ná, kó tó kó àwọn èèyàn ẹ̀ wá sílé mi."

Ọdún Udójì ni, tí ìjọba fowó kún owó oṣù òṣìṣẹ́, owó ń pariwo lápò, iléeṣẹ́ náà sì ra kọ̀ǹpútà tuntun. Wọ́n pe Àǹtí Adéfúnmiláyọ̀, obìnrin Èkìtì kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, kó wá fi èdè tuntun tí wọ́n ń pè ní COBOL kọ́ àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ìdí ẹ̀rọ. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ fajú ro. Nọ́ńbà lásán ni wọ́n ti fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ látọjọ́ pípẹ́. Èdè téèyàn lè kà kó sì yé e, lójú tiwọn, èdè ọmọdé ni.

"Nínú èyí," ni àǹtí wí, "ẹ ò ní máa fi nọ́ńbà pe nǹkan mọ́. Orúkọ tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Háà! Ó ní kí Yorùbá sọ nǹkan lórúkọ! Ojú gbogbo wọn là. Ọ̀gbẹ́ni Abórìṣàdé fi orúkọ lánlọ́ọ̀dù rẹ̀ sọ iye korobá tó fọ́. Fákúnlé ní tirẹ̀ fi orúkọ Ìyá Folákẹ́ sọ àpapọ̀ korobá oníbàárà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó sáré gbé e lọ sí Apakun. Inú ìyá náà dùn dé eyín. Kò sẹ́ni tí kò fi bébà náà hàn ládùúgbò.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé, tí ẹ̀rọ bá ka ti oníbàárà kan tán, ó gbọ́dọ̀ sọ àpapọ̀ náà di òdo kó tó ka ti ẹlòmíì. Abórìṣàdé sọ lánlọ́ọ̀dù rẹ̀ di òdo, ó tún ń sọ ọ́ di òdo níbi tí kò ti pọn dandan, títí àǹtí fi bẹ̀ ẹ́. Fákúnlé jókòó ti káàdì tí wọ́n ń tẹ ìlà ètò sí kí ẹ̀rọ lè kà á.

"Àǹtí, ẹ gbà mí. Ìyá ìyàwó mi ni kí n sọ di òdo?"

"Ẹ yí orúkọ padà nígbà náà."

"Ó ti fi han gbogbo Apakun, Mà!"

Bí àǹtí ṣe yíjú báyìí, Fákúnlé fo ìlà tó ń sọ àpapọ̀ di òdo. Ó rò pé kọ̀ǹpútà tó gbówó lórí tó báyẹn á fúnra rẹ̀ ní làákàyè.

Kò ní o. Oníbàárà kejì gba tirẹ̀ àti ti àkọ́kọ́, ẹni kẹta gba ti gbogbo wọn. Ìyá Folákẹ́, oníbàárà tuntun, ló wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ìwé oníbàárà. Lọ́rí ń já korobá síwájú ilé rẹ̀ títí wọ́n fi dí ilẹ̀kùn, wọ́n dí fèrèsé, adìẹ aládùúgbò kó sáàárín wọn, a ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Awakọ̀ ní kọ̀ǹpútà ló wí bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ bá kọ̀ǹpútà jiyàn?

Ìyá Folákẹ́ dé iléeṣẹ́ náà tòun ti gèlè tó wọ́. Fákúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Lọ́kàn ara rẹ̀, Folákẹ́ ti lọ nìyẹn.

"Tí ẹ̀rọ yẹn bá ti sọ mí di òdo," ni ìyá náà bèèrè, "ṣé mo parí nìyẹn?"

"Rárá o, Mà. Kíá lá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà yín."

Ìyá náà tún gèlè rẹ̀ wé.

"Nígbà tí bàbá Folákẹ́ kú, òdo ni mo wà. Nígbà tí iná jó ìsọ̀ mi, mo tún di òdo. Èmi náà nìyí. Kọ ọ́, jàre, kì í ṣèèwọ̀."

Fákúnlé tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tẹ ìlà náà.

"Ó dáa, ọkọ Folákẹ́," ni ìyá náà wí. "Lọ kó korobá yín kúrò níwájú ilé mi, káwọn èèyàn ẹ lè ráyè dọ̀bálẹ̀."