Àmì Ìyọkúrò Tí Mo Gbàgbé

Ó ti rẹ̀ mí kí ọmọbìnrin aládùúgbò mi tó gbé ìwé rẹ̀ dé ìloro mi ní Òkìtìpupa. Ìkọ̀yà ló ti ń bọ̀, níbi tí òun àti ìyá rẹ̀ ti ń fún epo pupa. Ọ̀la ni yóò ṣe ìdánwò ìṣirò lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá rẹ̀ sì ti ní bí kò bá yege lọ́tẹ̀ yìí, ìdí epo ni yóò jókòó sí.

Mo ní kí ó dífẹ́ránṣíéètì sin 2x lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ́kọ́ rí 2 cos 2x, lẹ́yìn náà ó kọ −4 sin 2x. Mo fi bírò pupa fagi lé e, mo kọ 4 sin 2x sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó wo ìwé náà títí. "Tíṣà, ẹ má bínú o. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká máa kọ àmì ká tó kọ nọ́ńbà? Cos máa ń mú àmì ìyọkúrò wá. Tiyín dà?"

Mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Tirẹ̀ ló tọ̀nà.

"Èmi ni mo kùnà, ọmọ mi."

"Ó rẹ̀ yín ni, sà. Ká ní èmi ni, ẹ ò bá ti ní kí n kọ ọ́ nígbà ogún!"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì pa ìwé náà dé. "Lọ sinmi. Bí o bá ṣe báyìí lọ́la, ó tó."

Nígbà tó lọ tán, mo mú ìwé, mo kọ −4 sin 2x nígbà ogún.