Òrùka Irin Abẹ́ Ibùsùn

Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá ni Tẹniọlá, ọmọ ọmọ mi, wakọ̀ wá láti Denton níbi tó ti ń parí yunifásítì, ó sì tiro wọlé bá wa ní Frisco. Orúnkún ló ń dùn ún. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ló ń gbá, ọmọ náà sì ga débi pé ìgbà tó bá kúnlẹ̀ kí mi ni ojú wa tó ń dọ́gba. Mo ní kó na ẹsẹ̀ sórí àga. Mo mú ìgò àdín mi, mo ṣí i. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ kò mọ àdín, òróró dúdú tí wọ́n ń yọ lára ẹ̀kúrọ́ ni. Ó dára fún ara ríro, ó dára fún ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ le, bó bá sì ti kan aṣọ, ó di ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire kó tó kúrò níbẹ̀.

"Grandma, ó ń rùn o!" Tẹni di imú. "It smells like burnt tire."

Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń fi pa á lórúnkún, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti kúrò ní Frisco. Òórùn yẹn ti gbé mi padà sí yàrá kan ní Òkè-Ògùn, sídìí ibùsùn onírin tí mo ń sùn lé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, níbi tí òrùka irin kan ti sùn sábẹ́ rẹ̀ rí, tí wọ́n fi àdín pa yíká.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan ní apá àríwá England fẹ́ kí Tẹni wá máa gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn, kó sì máa gba owó oṣù. England ni wọ́n bí i sí, nígbà tí Káyọ̀dé ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé níbẹ̀, kí wọ́n tó kó wá sí Texas. Ọmọ onílẹ̀ ni lójú òfin ibẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì fún ẹgbẹ́ náà, torí wọn kì í jẹ́ kí ẹgbẹ́ kó àlejò jọ bó ṣe wù ú. Ìwé ìbí rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, àti páásípọ́ọ̀tù tó lò lọ́mọdé. Wọ́n ní bí kò bá dé ọwọ́ àwọn títí ọjọ́ Ajé, àwọn á mú ẹlòmíràn.

Ọwọ́ mi ni gbogbo ìwé ilé wa ń gbé, nínú báàgì aláwọ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Káyọ̀dé ti fi ń bi mí pé, "Mummy, ẹ ti rí birth certificate yẹn?" tí mo sì ń dá a lóhùn pé mo ṣì ń wá a. Irọ́ ni mo ń pa. Ìwé náà kò sọnù. Mo mọ ibi tó wà bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi.

Ìfura ló fà á. Káyọ̀dé fúnra rẹ̀ ló ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù ilẹ̀ England sí mi létí. Ó ní ilé-iṣẹ́ tó ń darí líìgì àwọn ọkùnrin níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti dojú dé. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ kóra wọn jọ, wọ́n dá líìgì tiwọn sílẹ̀. Àjọ tó ń fún ni níwèé àṣẹ wá ní àwọn olówó kan láti òkèèrè lòun fẹ́ gbé àṣẹ ọlọ́dún gbọọrọ fún. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ní àwọn ò gbà, ni lọ́yà bá wọ̀ ọ́. Líìgì ńlá ti Amẹ́ríkà níbí náà sì ń wo Yúróòpù bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Mo ní ti àwọn obìnrin ńkọ́? Ó ní abẹ́ òrùlé kan náà ni gbogbo wọn wà. Mo ní òrùlé tí àwọn àgbàlagbà ń jà lé lórí, ta ni yóò wá gbé ọmọ rẹ̀ lọ sábẹ́ rẹ̀?

"Mummy, ẹ ti fura jù," ló wí.

Mo fura lóòótọ́. Ọmọ wolé-wolé ni mí.

Bàbá mi ni wolé-wolé ìlú wa láyé ìgbà náà. Káàkì ló máa ń wọ̀, ó ní fìlà tó le gbandi àti ọ̀pá kan tó fi ń rú omi inú ìkòkò onílé wò, bóyá tanwíji ń bẹ níbẹ̀. Bí àwọn obìnrin bá ti gbọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lókèèrè, omi tí wọ́n pọn láti àárọ̀ ni wọ́n ń dà nù. "Ìfura loògùn àgbà" ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Kódà bí ìyá mi bá gbé oúnjẹ fún un, á kọ́kọ́ gbé àwo náà sókè, á wo ìdí rẹ̀. Ìyá mi á ní, "Ṣé ẹ ti rí i?" Òun náà á ní òun ò tíì rí i.

Òyìnbó kan tó ń kọ́ wa ní ìṣirò ló ri òpó bọ́ọ̀lù kan mọ́lẹ̀ ní pápá ilé-ìwé wa, ó kan pátákó mọ́ ọn, ó fi òrùka irin há a. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn, nígbà tó ń padà sílé, ó gbé bọ́ọ̀lù fún ọ̀gá ilé-ìwé, ó ní kí bàbá mi, tó jẹ́ alága kọmití eré ìdárayá ìlú, máa bójú tó pápá. Ó rò pé òun ṣe dáadáa. Kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣoṣo lòun pín sọ́nà méjì.

Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi gbìyànjú láti yọ irin náà lọ. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, bàbá mi á gun àkàbà, á fi sípánà tú nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á gbé irin kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó di ilé. Á fi àdín pa á kó má baà dípẹtà. Àwọn ará ìlú ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní wolé-wolé ń gbé apẹ̀rẹ̀ tí kò nídìí kiri. Ṣùgbọ́n inú bí ọ̀gá ilé-ìwé, ó ní orí ilẹ̀ òun ni òpó náà wà. Òun náà bá ti bọ́ọ̀lù mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì rẹ̀. Ọ̀gá ní bí kò bá sí bọ́ọ̀lù, kí ni irin fẹ́ ṣe? Bàbá mi ní bí kò bá sí irin, inú kí ni bọ́ọ̀lù fẹ́ wọ̀?

Kọmití di méjì, akọ̀wé di méjì, sítáǹbù di méjì. Èmi ni mò ń mú lẹ́tà bàbá mi lọ sílé-ìwé, tí mo tún ń mú èsì bọ̀. Gbogbo lẹ́tà náà ló ń parí síbì kan náà, pé ìjíròrò ń lọ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí irin bá wà, bọ́ọ̀lù kì í sí, a ó wá máa fi òrombó dúdú jù ú. Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà, irin á ti wà nílé wa, a ó kàn máa fi bọ́ọ̀lù gbálẹ̀ kiri bí ẹni tí kò níṣẹ́.

Mojísọ́lá, ọmọ bíríkìlà, ló mọ bọ́ọ̀lù náà gbá jù nínú wa. Ọ̀rẹ́ mi ni, orí ibùsùn mi ló ń sùn bó bá kẹ́kọ̀ọ́ pẹ́ nílé wa. Òpó ni a ń pè é torí gíga rẹ̀. Bó bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, ètè rẹ̀ á máa mì wúyẹ́wúyẹ́, a ò sì mọ ohun tó ń sọ. Ìyá rẹ̀ ti ń wá ọkọ fún un, ó sì sọ fún mi pé bọ́ọ̀lù yìí nìkan ló lè gbé òun kọjá odò.

Ọ̀nà yẹn là lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá ilé-ìwé kọ̀wé sí Ìbàdàn, pé kí wọ́n wá ṣa ọmọbìnrin tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún ìpínlẹ̀. Kò sọ fún bàbá mi. Ẹnu ẹlòmíràn ni bàbá mi ti gbọ́, ìyẹn sì dùn ún wọra. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò gbé irin lọ sí pápá. Ó pè mí kí n bá òun gbá a mú, a jọ tì í sábẹ́ ibùsùn mi.

"O ò rí nǹkan kan o," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo fèsì.

Àwọn àlejò dé, ọkùnrin kan àti obìnrin kan tó mú ìwé dání. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé bọ́ọ̀lù jáde, wọ́n ti fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó le koko. Wọ́n gbójú sókè, pátákó pẹ̀lú ihò mẹ́rin ni wọ́n rí. Irin dà? Ọ̀gá nàka sí bàbá mi, bàbá mi nàka sí ọ̀gá. Èmi dúró lórí ìlà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi. Bí mo bá sáré, n ò ní lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó gbé e dé.

Mojí mú bọ́ọ̀lù. Ètè rẹ̀ mì. Ó jù ú sí ibi tí ó yẹ kí irin wà, bọ́ọ̀lù kan pátákó, ó já bọ́ wálẹ̀ tààrà. Ó yíjú sí àwọn àlejò, ó ní, "Ó wọlé, sà." Ó tún jù ú. "Ó wọlé, mà." Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló jù ú, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló ní ó wọlé, ohùn rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀ sí i. Obìnrin náà rọra pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní, "Ọmọ mi, ohun tí ojú wa ò rí, ọwọ́ wa ò lè kọ ọ́." Wọ́n wọ mọ́tò wọn, wọ́n lọ, wọn ò sì padà wá mọ́.

Ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ká ní wọ́n bi mí ni, ǹ bá jẹ́wọ́. N kì í gba ara mi gbọ́ bí mo bá ti sọ ọ́.

Mo lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ayé gbé mi dé Dallas. Mojí fẹ́ ọkọ tí ìyá rẹ̀ wá fún un, ó wá di tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílùú wa. Nígbà tí mo lọ sìnkú bàbá mi, ó mú mi lọ wo pápá ilé-ìwé rẹ̀. Òpó kan wà níbẹ̀, àwọn ọmọ pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí eéṣú, ariwo wọn kò jẹ́ kí a gbọ́ ara wa. Mo wo irin òkè, n kò rí nọ́ọ̀tì kankan. Mojí ti pe wẹ́dà, ó ti ní kó jó irin náà mọ́ òpó títí ayé. Mo bi í pé kọmití wo ló ni ín. Ó ní, "Ẹni tó bá lè fò kàn án ló ni ín."

Nígbà náà ló rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Lọ́jọ́ ìjọ́sí, mo gbọ́ òórùn àdín láyà aṣọ rẹ."

Mo wo àyà aṣọ mi bí ẹni tó ń wá àbàwọ́n.

"Bàbá rẹ ni mo bínú sí," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ ni mò ń retí."

Mojí ti kú báyìí. Orí WhatsApp ni mo ti rí ìròyìn ikú rẹ̀, nídìí tábìlì kan náà tí Tẹni jókòó sí lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí.

Bí mo ṣe ń fi àdín pa Tẹni lórúnkún lọ́wọ́, Káyọ̀dé gbé fóònù dé. Ó ti pe kóòṣì ẹgbẹ́ náà ní England, pé kí n bi í ní ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo bi í pé, nígbà tí eré bá parí, ta ló ń gbé irin lọ sílé? Káyọ̀dé ṣàlàyé fún un. Obìnrin náà ní òun ò ní parọ́ fún mi, òun ò mọ ẹni tí líìgì náà yóò jẹ́ tirẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sí i, ìjíròrò ń lọ lọ́wọ́. Gbọ̀ngàn tí àwọn ń lò pàápàá, yíyá ni àwọn ń yá a. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ Sátidé, àwọn ọmọbìnrin àdúgbò máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà kí òun tó dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.

Bí mo ṣe gbọ́ "ìjíròrò ń lọ lọ́wọ́," inú mi kò dùn rárá. Ìfura mi kò dín, mo sọ fún yín. Bí àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ bá fi ìjà tú líìgì náà ká lọ́la, kò ní yà mí lẹ́nu. Mo gbójú wo ìta láti ojú fèrèsé. Ní Frisco níbí, ilé bíi márùn-ún ládùúgbò wa ló ní òpó bọ́ọ̀lù tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, kò sì sí ẹni tó ń tú u ní aago mẹ́fà. Ayé ti yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò yí padà ni ọmọ wolé-wolé, tó jókòó síbẹ̀ tó ń bú àwọn ará England pé wọ́n ń gbé irin pamọ́.

Tẹni ti gba fóònù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó ń bá kóòṣì náà sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo sì rí i pé ètè rẹ̀ ṣì ń mì lẹ́yìn tó parí ọ̀rọ̀.

N kò nu ọwọ́. Mo lọ sí yàrá mi, mo kúnlẹ̀ tìrora-tìrora, mo na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn, mo fa báàgì aláwọ náà jáde. Mo yọ àpòòwé tí ìwé ìbí àti páásípọ́ọ̀tù Tẹni wà nínú rẹ̀, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Káyọ̀dé wò mí, ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá mi.

Tẹni gbé àpòòwé náà súnmọ́ imú. "Grandma, òun náà ti ń rùn bí oil yẹn."

Mo ní, "Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tó ti ń rùn bẹ́ẹ̀."