Ẹlẹ́rìí Orí Àpáta

Ọmọ mi obìnrin kò tíì pé ọdún mẹ́fà nígbà tí iṣu èlùbọ́ tí ìyá mi sá sórí àpáta, lẹ́yìn ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, di àwátì. Ọmọ náà nìkan ló ń ṣeré níbẹ̀.

Ìyá mi bi í pé, "Ṣé ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ewúrẹ́ dúdú ilé kejì yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n ránṣẹ́ pe aládùúgbò wa tó ni ewúrẹ́. Òun náà dé, ó ní, "Ọmọ mi, ṣebí orí ìso ni ewúrẹ́ mi wà látàárọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Inú bí mi díẹ̀, ẹ̀rín sì ń pa mí. Àwa náà la kọ́ ọ pé ọmọ tó bá já àgbà nírọ́ kò lẹ́kọ̀ọ́, a wá tún fi í ṣe ẹlẹ́rìí. Mo gbé e sórí itan, mo ní kó sọ gbogbo ohun tó ṣe láti ìgbà tó ti jí, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Ó ròyìn aláǹgbá kan títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ojú ọ̀run wá ṣú, màmá àgbà bá kó iṣu wọ ulé."

Iṣu wà nínú agbọ̀n lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá mi ti gbàgbé. Òun àti aládùúgbò wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Mo bi ọmọ mi pé kí ló dé tó fi ní ewúrẹ́ ni.

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni ọmọdé. "Màmá àgbà ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀."